Kí ni "dín" ń wá nínú mọ́kàndínlógún?

Òbí kan béèrè lọ́wọ́ mi pé ọmọ òun fẹ́ mọ ìdí tí a fi ń dárúkọ ogún nínú "mọ́kàndínlógún" nígbà tí ohun tí à ń kà kò tíì pé ogún. Ọmọ náà ti gbọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà kì í gbọ́ mọ́, nítorí pé a ti pe ọ̀rọ̀ náà títí etí wa fi di sí i.

Ogún ni ìpìlẹ̀ òǹkà Yorùbá. Láti mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, à ń fi kún ẹ̀wá ni, ṣùgbọ́n bí a bá ti dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a ó gbàgbé ẹ̀wá, a ó kọjú sí ogún tó ń bọ̀, a ó sì máa sọ iye tó kù kí ó pé. Nígbà mìíràn a máa ń yọ lẹ́ẹ̀mejì: àádọ́ta jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ ẹ̀wá kúrò nínú rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá pe 45 ní márùndínláàádọ́ta ti gbéra láti ogún mẹ́ta, ó yọ ẹ̀wá, ó tún yọ àrún.

Owó ẹyọ ló jẹ́ kí n rò pé ọwọ́ ni a ti kọ́ èyí kí ó tó di ti ẹnu. Ní ọdún 1887, Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì tó gbé láàárín wa, ṣàlàyé bí a ṣe ń ka owó náà: a ó dà á sílẹ̀ láti inú àpò, a ó máa fa márùn-ún márùn-ún, mẹ́rin irú rẹ̀ di ogún, ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì sì di igba. Ẹni tó ti fa àrún lẹ́ẹ̀mẹta ti rí i pé ìfà kan péré ló kù kí ogún pé. Àbí kí ni ẹ̀ẹ́dógún tún ń sọ? Bákan náà ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, tí àwọn ìyá ọlọ́jà ṣì ń pè fún 500 náírà, jẹ́ igba mẹ́ta tó dín ní òkìtì ọgọ́rùn-ún kan. Àpò ẹyọ náà kò tíì kúrò lẹ́nu wa pàápàá: ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn ẹ̀kún àpò ẹyọ kan, jẹ́ 20,000, òun ni àwọn oníròyìn fi ń pe mílíọ̀nù kan ní àádọ́ta ọ̀kẹ́.

Àwọn ọmọdé kì í kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí palẹ̀; odindi ni wọ́n ń gbà á sétí, bí ẹni kọ́ orin. Kí òbí náà ka ogún hóró ẹ̀wà sílẹ̀ lórí tábìlì, kí ó mú ẹyọ kan kúrò, kí ó sì bi ọmọ rẹ̀ pé, "Mélòó ló dín?" Bí ọmọ bá dáhùn pé ọ̀kan ni, kí ó ní kí ó so ìdáhùn rẹ̀ mọ́ ogún, kí ó sì pè é jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.