Èsì: Kí ni Markaz Agége kàn wá ní Èkìtì?

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n wa ní Ìkẹ́rẹ́. Ẹ ní kí ló dé tí àwọn àáfà wa kì í yé dárúkọ Markaz, ilé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá àti Ìsìláàmù yẹn, nígbà tó jẹ́ pé Agége lọ́hùn-ún ló wà.

Sheikh Adam Abdullah al-Ilori ló dá a sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Nílé kéú àtijọ́, orí ẹní lọmọ ń jókòó sí, wàláà (pátákó ìkọ̀wé) lọ́wọ́, kálukú ń ké tirẹ̀ sókè. (Wàláà ò burú o, òun ló kọ́ àwọn bàbá wa.) Sheikh wá pín akẹ́kọ̀ọ́ sí kíláàsì, pẹ̀lú ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí. Àwọn tó jáde níbẹ̀ tàn ká ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń dá ilé kéú tiwọn sílẹ̀.

Èrè rẹ̀ fún wa? Ẹ lọ síbi wòlímọ̀ Àlùkùránì, ayẹyẹ ọmọ tó ka Àlùkùránì parí, nílé kéú irú bẹ́ẹ̀ kan ní Adó. Ọmọ wà lórí ìjókòó, ó ń ka súrà. Àwọn ìbátan rẹ̀ tó jẹ́ oníṣọ́ọ̀ṣì wọ aṣọ ẹbí, wọ́n ń náwó fún un. Èmi ò rí ohun tó ń so ẹbí wa pọ̀ jùyẹn lọ.