Ìjẹ̀bú-Òde sí Àbújá: ẹ fi báàlù sílẹ̀, ẹ bi mí léèrè ọ̀nà Ìkẹjà

Ẹ̀gbọ́n wa tó bèèrè iye wákàtí tí báàlù ń lò láti Èkó dé Àbújá, tí wọ́n ní ti aago 10:30 àárọ̀ làwọn rà, àwọn á sì kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde ní aago 8: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Báàlù ò ní wàhálà. Tààrà lójú òfurufú láti pápákọ̀ Ìkẹjà, bíi 510 kìlómítà ni. Títì ju 700 lọ. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 10 sí 15 ni wọ́n sábà máa ń kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì, ìrìn tó ń rìn nílẹ̀ kó tó gbéra sì wà nínú ẹ̀.

Ìjẹ̀bú sí Ìkẹjà ni iṣẹ́ wà. Ó súnmọ́ 100 kìlómítà, ẹ̀yìn la sì ń kọ sí Àbújá ní gbogbo ìgbà yẹn! Títí dé Ìyànà Ṣàgámù, ẹ lè sùn. Tẹ́ ẹ bá ti bọ́ sọ́nà Ìbàdàn sí Èkó, ẹ jí.

Èmi sùn ní tèmi. Ọjọ́ kejì Ojúde Ọba ni, báàlù aago 11, mo kúrò nílé ní aago 7. Àfi bí tírélà ṣe dábùú títì ní Kára. Aago 10 kọjá ká tó dé Berger, mo sáré wọ takisí, mo dé káńtà ní 10:25. Mo ti ṣe check-in lórí fóònù lálẹ́ àná, ọkàn mi balẹ̀. Mo gbàgbé pé àǹtí mi ti di ààbọ̀ àpò gàárì fún mi. Inú ikùn báàlù ló gbọ́dọ̀ wọ̀, wọn ò sì gba ẹrù mọ́ láti ìṣẹ́jú 45 sí àkókò. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní èmi lè máa lọ, gàárì ni ò lè lọ. Mo wo gàárì, gàárì wò mí. Gàárì Ìjẹ̀bú, kí n jù ú sílẹ̀ ní Ìkẹjà? Mo sanwó lé tíkẹ́ẹ̀tì, mo dúró di ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó mi ṣì ń fi mí rẹ́rìn-ín títí dòní.

Nítorí náà, 10:30 yín yẹn, aago 5 ni kẹ́ ẹ gbéra. Tó bá jẹ́ àárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ lọ sùn sí Ọ̀jọ̀dú lálẹ́ Sọ́ńdè. Ẹ wò ó bóyá MMA2 ni àbí MM1, ilé méjì tí wọ́n ti ń wọ báàlù abẹ́lé ní Ìkẹjà, torí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Lásìkò ọyẹ́, kùrukùru Àbújá lè dá báàlù àárọ̀ dúró, ẹ má fìpàdé sí aago 12. Pápákọ̀ Àbújá gan-an ju 30 kìlómítà lọ sí àárín ìlú.

Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, ẹ kọ́kọ́ wo pápákọ̀ Ìpẹru-Ìlíṣàn, bóyá báàlù wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yín.

Ní ti gàárì, ẹ fi ṣe wébíìlì nínú bọ́ọ̀sì Àbújá.