Ẹ Bi Bàbá Akápò: Ṣé kí n ta ilẹ̀ nítorí yunifásítì inú abúlé?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Akápò, ẹ kú iṣẹ́ o. Gàrí ni mò ń tà ní Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Bàbá àwọn ọmọ mi ti di olóògbé. Dámọ́lá, àkọ́bí mi, ṣe JAMB, máàkì ẹ̀ ò gbé e dé yunifásítì ìjọba tó wà ní Ago-Ìwòyè, ṣùgbọ́n yunifásítì aládàáni kan ní abúlé tí kò jìnnà sí wa ti gbà á láti kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. N650,000 ni wọ́n pè é fún ọdún àkọ́kọ́, oúnjẹ àti ibùsùn wà nínú ẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ inú ẹ̀ ò kún ṣọ́ọ̀ṣì kan kì í ṣe yunifásítì, pé wọ́n á fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ níbi iṣẹ́. Dámọ́lá ní ká ta plọ́ọ̀tì tí bàbá òun fi sílẹ̀ ní Ìmọ̀wò, pé bí ìyẹn bá tán, ìjọba á yá òun lówó. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Dámọ́lá

ÌDÁHÙN: Ìyá Dámọ́lá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá mi sọ fún àbúrò ọkọ yín pé kí ilé-ẹ̀kọ́ kéré kì í ṣe ẹ̀sùn. Babcock tí gbogbo ayé mọ̀ ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ 7 péré ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1959, nígbà tó ṣì jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ Adventist. Ó di 1999 kó tó wà lára yunifásítì aládàáni 3 tí ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ fún níwèé àṣẹ. Níbi tí èrò ò bá pọ̀, olùkọ́ á mọ orúkọ ọmọ yín, á sì mọ ọjọ́ tí kò wá sí kíláàsì. Wọn kì í sì í sábà daṣẹ́ sílẹ̀ bíi ti 2022, tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi àwọn ọmọ jókòó sílé láti oṣù Kejì wọ oṣù Kẹwàá.

Ìwé àti àpò ni kẹ́ ẹ wò. Yunifásítì lè ní àṣẹ, kí kọ́ọ̀sì kan nínú ẹ̀ má ní ìfọwọ́sí NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì. Ọdún 5 ni ìfọwọ́sí tó pé ń lò, ọdún 2 ni ti onígbà díẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi lẹ́tà ti kọ̀ǹpútà gan-an hàn yín, kẹ́ ẹ wo déètì orí ẹ̀. Bí wọ́n bá ní ó ń bọ̀ lọ́nà, ẹ dìde. Kí Dámọ́lá náà wo CAPS, ojú òpó tí JAMB fi ń gba ọmọ wọlé, kó rí i pé orúkọ òun wà níbẹ̀, kó sì gbà á níbẹ̀, kí wàhálà má baà dé lọ́jọ́ àgùnbánirọ̀.

Ẹ lọ wo ibẹ̀ fúnra yín, àmọ́ ẹ má lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe òbí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan láàárín sáà ló dáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta gàrí mọ̀ pé ẹnu àpò kọ́ là á wò, ọwọ́ là á kì bọ ìsàlẹ̀. Ẹ wo iye kọ̀ǹpútà tó tàn, àti iye tí ọ̀rá ṣì wà lójú ẹ̀. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń háyà kọ̀ǹpútà bí àwọn ará NUC bá ń bọ̀, tí ọkọ̀ á wá kó wọn padà bí wọ́n bá ti lọ. Ní ilé ìkàwé, ẹ ṣí èèpo ẹ̀yìn ìwé kan, ẹ wo ìgbà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ ìyáwèé gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ ra oúnjẹ lọ́dọ̀ ìyá onírẹsì ẹnu géètì. Ó mọ olùkọ́ tó ń gbé ìlú àti èyí tó ń ti Èkó wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ bi í pé aago mélòó ni wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀ lálẹ́, torí kọ̀ǹpútà lọmọ yín fẹ́ kọ́.

Ó wá kan àpò. N650,000 lọ́nà 4 jẹ́ N2,600,000, bí wọn ò bá fi kọ́bọ̀ kún un, wọ́n á sì fi kún un. Ẹ bèèrè iye tí àwọn tó ti wà ní ọdún kẹta ń san. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ akápò ilé-ẹ̀kọ́, ẹnu fèrèsé mi làwọn òbí máa ń tò sí bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Bàbá kan gbé ìwé ilẹ̀ wá nínú ọ̀rá dúdú, ó ní kí n fi ṣe ìdógò kọ́mọ òun lè wọlé ìdánwò. Ọdún kẹta lọmọ wà. Irú fáìlì wo ni mo fẹ́ fi ìwé ilẹ̀ sí? Mo ní kó máa gbé e lọ.

Owó ìjọba tí Dámọ́lá ń sọ, NELFUND nìyẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni òfin 2024 ṣe é fún, kò kan aládàáni.

Èmi ò ní ta Ìmọ̀wò. Bí èrè gàrí àti àjọ bá lè gbé e fọ́dún 4, tí ìwé wọn sì pé, kó máa lọ. Bí kò bá lè gbé e, kó gba fọ́ọ̀mù ND ọlọ́dún méjì ní pólì ìjọba tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ibi tó ti lè bá NELFUND sọ̀rọ̀. Bí èsì ẹ̀ bá dáa, á ti ibẹ̀ wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Á bínú o. Ẹ jẹ́ kó bínú.

ÌBÉÈRÈ: Mo kọ́ yàrá 8 sí abúlé wa ní Rẹ́mọ nítorí yunifásítì aládàáni tó ṣí síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ò gbà á.
Baba Onílé

ÌDÁHÙN: Wọn ò lè gbà á, sà. Inú ọgbà ni ọ̀pọ̀ yunifásítì aládàáni ń fi ọmọ sí, láìgba ìwé àyè wọn kì í jáde. Òṣìṣẹ́ ni kẹ́ ẹ dojú kọ: olùkọ́ kékeré, nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń se oúnjẹ. Wọn ò fẹ́ yàrá kan ṣoṣo. Ẹ fọ́ ògiri àárín, kó di yàrá àti pálọ̀ mẹ́rin, kí kálukú ní bálùwẹ̀ tiẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbẹ́ kànga tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ má sì bèèrè owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan. Owó oṣù àwọn náà máa ń pẹ́ kó tó dé.