Ṣé ohùn ẹnu mi ni kò jẹ́ kí n dépò ọ̀gá àgbà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo ń gbé, ọdún kọkànlá mi rèé nílé iṣẹ́ kan tó ń kó ẹrù káàkiri Amẹ́ríkà. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti wà nípò VP (igbákejì ààrẹ), ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ti fò mí dá. Ẹnì kan tó ń kọ́ àwọn ọ̀gá bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀gá sọ pé ohùn Ìjẹ̀bú tó wà lẹ́nu mi ló fà á, kí n wá san $6,500 kí òun bá mi tún un ṣe. Ilé iṣẹ́ wa tún fẹ́ fi mí ṣe olórí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà àti ìbáradọ́gba. Ìyàwó mi ní ìgbéga ni. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ má san owó yẹn.

Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń ta ohùn fún àgbà ọkùnrin. Kò sílé iṣẹ́ tó máa fi èèyàn ṣe VP fọ́dún mẹ́fà bí wọn ò bá gbọ́ ohun tó ń sọ. Ẹ wo Adébáyọ̀ Ògúnlẹ́sì: ọmọ Mákun ní Ṣàgámù ni, King's College l'Ékòó ló ti kàwé. Ní 2002, wọ́n fi í ṣe olórí ẹ̀ka báńkì ìdókòwò Credit Suisse First Boston kárí ayé. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ ìdókòwò Global Infrastructure Partners sílẹ̀ ní 2006, BlackRock, ilé iṣẹ́ ìdókòwò ńlá, sì rà á ní nǹkan bíi $12.5 bílíọ̀nù ní 2024. Owó ni wọ́n fi í ṣọ́, òun náà sì mú un bí sí i.

Ẹ̀kọ́ "sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá" yẹn tiẹ̀ lè pa ọkùnrin aláwọ̀ dúdú lára. Ní 2009, àwọn olùṣèwádìí méjì, Robert Livingston àti Nicholas Pearce, gbé ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ojú àwọn CEO (ọ̀gá àgbà pátápátá) aláwọ̀ dúdú máa ń jọ ojú ọmọdé ju tàwọn CEO aláwọ̀ funfun lọ, àti pé àwọn tójú wọn rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń darí ilé iṣẹ́ tó lórúkọ jù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n ń pè ní ìgboyà lára ẹlòmíì, ìhàlẹ̀ ni wọ́n ń kà á sí lára wa. Mi ò ní kẹ́ ẹ máa rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn kiri. Àmọ́ ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ máa lu tábìlì nípàdé kò mọ ọ̀nà tó ń júwe.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù ni ipò tí wọ́n fẹ́ fún yín. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, àmọ́ ìgbéga kọ́ nìyẹn.

Ohun tó ń gbé èèyàn dé ipò CEO ni ìwé èrè àti àdánù, èyí tí wọ́n ń pè ní P&L. Nínú iṣẹ́ tiyín, owó tí àwọn oníbàárà san ló máa wà lókè. Epo ọkọ̀, owó awakọ̀, táyà, ìbánigbófò àti owó ilé ìkẹ́rùsí máa tẹ̀ lé e, ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá á wá sọ bóyá ẹ jèrè. Orúkọ ẹnì kan ló máa ń wà lórí ìwé yẹn. Ìwé ọ́fíìsì tí wọ́n ń fi lọ̀ yín kò ní ìlà owó tó wọlé rárá, ìnáwó nìkan ló kún inú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣe é bí ẹní fidán, kò sí nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa nawọ́ sí. Tọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bá há, ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gé. Láti January 2025 tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí àṣẹ tó lòdì sírú ètò bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ ńlá tó ti dín tiwọn kù kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì.

Ẹ wo àwọn tó dé òkè. Agbẹjọ́rò ni Kenneth Frazier nílé iṣẹ́ oògùn Merck, ó tiẹ̀ di olórí àwọn agbẹjọ́rò ibẹ̀. Wọn ò torí ìyẹn sọ ọ́ di CEO. Ní 2007, wọ́n gbé ẹ̀ka tó ń ta oògùn lé e lọ́wọ́, ìgbà tó di 2011 ló di CEO. Marvin Ellison bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀ṣọ́ aláàbọ̀ àkókò nílé ìtajà Target. Ó bójú tó àwọn ṣọ́ọ̀bù Home Depot ní Amẹ́ríkà fún ọdún mélòó kan, kó tó di CEO ilé ìtajà JCPenney, lẹ́yìn náà ti Lowe's ní 2018.

Ẹ máa ní ẹ ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, iṣẹ́ á sọ̀rọ̀ fún yín. Iṣẹ́ kò lẹ́nu. Lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá máa ń tilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n á gbé àwòrán onígun kan síwájú, àpótí mẹ́sàn-án, mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní òró. Apá kan ń wọn iṣẹ́ téèyàn ti ṣe, apá kejì ń wọn ibi tí wọ́n rò pé ó lè dé. Ti àkọ́kọ́ ní ẹ̀rí. Èrò ọkàn lásán ni ti ìkejì, inú rẹ̀ sì ni ẹ̀tanú máa ń fara pamọ́ sí. Ẹnì kan á ní, "Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ kò tíì pọ́n." Bí kò bá sẹ́ni tó dáhùn, wọ́n á kọjá sórí orúkọ tó kàn.

Ẹni tó máa dáhùn yẹn lẹ nílò. Olùdámọ̀ràn tó ń ra oúnjẹ ọ̀sán fún yín lóṣooṣù, ẹ̀yin ló ń bá sọ̀rọ̀. Onígbọ̀wọ́ ń sọ̀rọ̀ yín níbi tẹ́ ò sí, orúkọ tara rẹ̀ ló sì fi dúró. Ẹ wá méjì, nítorí ọ̀kan lè kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Ẹ wo ẹni tó ń wọ yàrá yẹn, kẹ́ ẹ bá a yanjú ìṣòro kan tí èrè rẹ̀ máa hàn nínú ìwé tiẹ̀, kẹ́ ẹ wá bi í lójúkojú: "Ṣé ẹ máa dárúkọ mi tí ipò tó ní P&L bá ṣí sílẹ̀?" Bó bá ń fì, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá yín, kẹ́ ẹ ní ẹ̀ka tó ń pawó wọlé lẹ fẹ́, èwo ló máa ṣí láàárín oṣù 18? Bí wọ́n bá fi dandan lé ọ́fíìsì yẹn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ máa padà sí ẹ̀ka tó ní P&L lẹ́yìn oṣù 24. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀ka tó ti ń kú lọ ni wọ́n gbé wá, torí wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa, ẹ béèrè ìṣirò owó ọdún mẹ́ta, ìdí tẹ́ni tó wà níbẹ̀ fi lọ, àti iye owó tí wọ́n máa san bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa lọ láìsí ẹ̀ṣẹ̀. Owó oṣù ọdún kan kì í ṣe àṣejù.

The Executive Leadership Council, táwọn ọ̀gá aláwọ̀ dúdú 19 dá sílẹ̀ ní 1986, wúlò. Àwọn tó súnmọ́ ipò CEO ni wọ́n ń gbà wọlé, àmọ́ wọ́n tún ní ẹ̀kọ́ fáwọn tó ṣì ń bọ̀.

Ní ti òfin, ìtọ́nisọ́nà lásán lèyí, ẹ lọ rí agbẹjọ́rò òṣìṣẹ́ ní Texas. Bẹ́ ẹ bá rò pé àwọ̀ yín ni wọ́n fi fò yín dá, ọjọ́ 180 lẹ ní láti fẹjọ́ sun EEOC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀tanú níbi iṣẹ́. Ó ń di 300 níbi tí ìpínlẹ̀ bá ní àjọ tiẹ̀, àmọ́ ẹ má gbójú lé e. Bí wọ́n bá gbé ìwé "mi ò ní pè yín lẹ́jọ́" wá, tẹ́ ẹ sì ti pé ọmọ ogójì ọdún, òfin ọjọ́ orí fún yín ní ó kéré tán ọjọ́ 21 láti rò ó àti ọjọ́ 7 láti yí ọkàn padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i kílẹ̀ tó ṣú ń tàn yín.

Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n fò yín dá, ohun tí wọ́n sọ, àti ẹni tó wà níbẹ̀ sínú ìwé kan nílé. Ẹ má kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́, torí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa lọ, wọ́n á ti tì í pa kẹ́ ẹ tó délé.