Ẹ́ńjìnì Inú Ọkọ̀ Mi Ti Nọ́ọ̀kì, Ṣé Kí N So Ti Ìta Mọ́ Ọn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ọkọ̀ onígbòkun Westerly Centaur kan, 1973 ni wọ́n ṣe é, odò Medway níbí ní Kent ló wà. Ẹ́ńjìnì díísù Volvo MD2B inú ẹ̀ ti nọ́ọ̀kì, kò yí rárá, owó tí mẹkáníìkì sì pè ju iye tí mo ra ọkọ̀ gan-an lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n yọ ọ́ dànù, kí n so ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù mọ́ ìdí ọkọ̀ bíi ti ọkọ̀ èrò Èkó. Ṣé ó máa ṣiṣẹ́?

ÌDÁHÙN: Arákùnrin mi, ẹ kú ìnáwó. Ó máa ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe bíi ti Èkó. Ọkọ̀ èrò Èkó fúyẹ́, ìdí ẹ̀ ò jìnnà sómi, eré ni wọ́n fẹ́ kó sá. Tiyín yìí tó tọ́ọ̀nù 3, ìdí ẹ̀ ga, tẹ́ ẹ bá gbé ẹ́ńjìnì agbára ẹṣin (horsepower) 40 sí i, epo lẹ kàn máa jó dànù. 9.9 tó yín, ṣùgbọ́n kó jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní high thrust, tí pùròpélà ẹ̀, abẹ tó ń yí lábẹ́ omi, tóbi tó sì ń yí jẹ́jẹ́, ẹrù ló mọ̀ ọ́n tì.

Gígùn ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì, ìyẹn apá tó gùn wọ inú omi, gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ínǹṣì 15, 20 àti 25 ló máa ń wá, ẹ ra 25. Mo bá ọ̀rẹ́ mi kan jáde rí pẹ̀lú ẹsẹ̀ 20, bí mo ṣe rìn lọ síwájú ọkọ̀ pé kí n ju ìdákọ̀ró báyìí, ìwúwo mi tẹ iwájú wálẹ̀, ìdí gbéra, pùròpélà yọ síta ó ń ké wàààà lójú afẹ́fẹ́, ọkọ̀ ò lọ síbì kankan, omi sì ń gbé wa lọ lu ọkọ̀ olọ́kọ̀. Ọlọ́run ló yọ wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbì máa ń ṣe é. Tó bá jẹ́ inú Medway nìkan lẹ ó ti lò ó, kò burú, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọjá Sheerness, ìlú tó wà lẹ́nu Medway, bọ́ sẹ́nu odò Thames, níbi tí atẹ́gùn àti omi ti máa ń kọjú ìjà síra wọn, èmi ò ní gbọ́kàn lé e.

Ẹ tún rántí pé pùròpélà ti inú máa ń ti omi lu ìtọ́kọ̀, òun ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ tètè yí. Ti ìta ò ní ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ó máa yí ẹ́ńjìnì àti ìtọ́kọ̀ pọ̀ ni tẹ́ ẹ bá ń wọ èbúté.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé táǹkì epo sínú yàrá ọkọ̀ láé. Gáàsì tó ń jáde lára pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń lọ jókòó sí, ìṣáná kan péré ti tó o. Àwọn ihò tó bá ṣẹ́ kù lára ọkọ̀ tẹ́ ẹ bá yọ ẹ́ńjìnì inú, ibi tí ọ̀pá pùròpélà gbà, ti omi, ti èéfín, fáíbà àti ẹpọ́sì (epoxy, gọ́ọ̀mù líle) ni kẹ́ ẹ fi dí i látinú àti láti ìta, kì í ṣe igi tí wọ́n kàn gbẹ́ kì bọ̀ ọ́.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó yọ ti àtijọ́ yẹn, ẹ tú ínjẹ́ktọ̀ (ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì) méjèèjì, ẹ rọ díísù àti ọ́ìlì jíà sínú sílíńdà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ wá máa fọwọ́ yí fláwíìlì, àgbá wúwo tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnì, díẹ̀díẹ̀ síwá sẹ́yìn. Tó bá mì pẹ́nrẹ́n, ẹ kọ̀wé sí mi kẹ́ ẹ tó náwó kankan.