Ilẹ̀ẹ́gbóná wọ ilé ọlọ́mọ mẹ́rin: ṣé ká kó wọn pọ̀ ni, àbí ká yà wọ́n sọ́tọ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Sábó ni à ń gbé, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Àkọ́bí mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 7, àwọn ìbejì jẹ́ ọdún 5, Ìdòwú jẹ́ ọdún 2. Láti ọjọ́ Ajé ni ara àkọ́bí ti sú, òní ló di ọjọ́ kẹta. Ibà ń ṣe é, ó sì ń họra tọ̀sán-tòru. Wọ́n ní ilẹ̀ẹ́gbóná ni, èyí tí ẹ̀yin onílé ìwòsàn ń pè ní chicken pox. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n jẹ́ kí gbogbo wọn jọ máa sùn pọ̀, kí wọ́n lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, kí n sinmi. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi ẹmu wẹ ọmọ, kí n sì fún un mu díẹ̀. Oníkẹ́míìsì ta ampiclox àti ibuprofen fún mi. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi tó lóyún oṣù mẹ́rin wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú wa. Èmi ti ṣe é rí ní kékeré, bàbá wọn ò mọ̀ bóyá òun ṣe é. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti aboyún inú ilé yín, torí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ò ṣeé fi dọ̀la. Ẹ bi í bóyá ó ti ṣe ilẹ̀ẹ́gbóná rí. Bí kò bá rántí, kó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, àwọn ìyá kì í gbàgbé irú ẹ̀. Bó bá ti ṣe é rí lóòótọ́, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, torí ẹni tó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan kì í sábà ṣe é mọ́. Bí kò bá ṣe é rí, tàbí tí kò dá a lójú, kó lọ sí ilé ìwòsàn tó ti ń gba ìtọ́jú oyún lónìí, kódà bí ara rẹ̀ bá dá ṣáṣá. Wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n mọ̀ bóyá ara rẹ̀ ti ní ààbò. Bí kò bá ní, oògùn wà tí dókítà lè fún un kí ohunkóhun tó sú jáde, àmọ́ ọjọ́ tó ti wà lọ́dọ̀ ọmọ yẹn ni wọ́n máa fi ṣírò rẹ̀. Ìdí tí mo fi ní lónìí nìyẹn.

Kó má kàn lọ jókòó sáàárín àwọn aboyún ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì o. Kí ẹni tó bá sìn ín lọ kọ́kọ́ wọlé sọ fún nọ́ọ̀sì pé ilẹ̀ẹ́gbóná wà nílé, wọ́n á wá ibi tí yóò dúró sí fún un. Bí ilé ìwòsàn tó ń lò bá kéré, ti Bowen àti ti LAUTECH wà nínú ìlú níbí, dókítà aboyún wà ní méjèèjì.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni pé ó máa ń le lára aboyún ju bó ṣe ń le lára ọmọdé lọ, ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ní ti ọmọ inú, bí ìyá bá kó o kí oyún tó pé 20 ọ̀sẹ̀, bí ọmọ 1 sí 2 nínú 100 ló lè bá àbùkù wáyé. Àwọn yòókù ń bọ́ níbẹ̀ láyọ̀. Mo dìídì sọ iye yẹn kí ẹnikẹ́ni má baà dẹ́rù bà á débi tí yóò fi lọ ba oyún jẹ́.

Ó yá, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Ọ̀rẹ́ yín ní kí ẹ kó wọn pọ̀. Ẹ ti kó wọn pọ̀ tán, Ìyá Ìbejì. Ọmọ tó bá ní ilẹ̀ẹ́gbóná ti ń kó o ran ẹlòmíràn láti bí ọjọ́ kan tàbí méjì kí èyí àkọ́kọ́ tó yọ lára rẹ̀, nígbà tí gbogbo ayé ṣì rò pé ọ̀fìnkìn lásán ni. Atẹ́gùn ló ń gbé e, omi inú ìléròrò náà sì ń kó o ràn. Nínú ilé kan náà, tí a bá rí ọmọ 10 tí kò ṣe é rí, bíi 9 nínú wọn ló lè kó o. Nítorí náà, ẹ má fìyà jẹ ara yín nípa títi ọmọ ọdún 7 mọ́ yàrá. Ṣùgbọ́n ẹ má sì mọ̀ọ́mọ̀ tẹ́ wọn sórí ẹní kan náà. Ọmọ tó kó o lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ilé sábà máa ń sú ju ẹ̀gbọ́n náà lọ, torí ó ń mí in símú lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ jẹ́ kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí ẹni tí ara rẹ̀ sú sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí àwọn yòókù sùn sí èkejì. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Kàlẹ́ńdà ni yóò ràn yín lọ́wọ́ jù. Ẹ fi bírò yí ọjọ́ Ajé yẹn po. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21 lẹ́yìn tí èèyàn bá kó o ni ara ń sú, èyí tó pọ̀ jù máa ń bọ́ sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ìbejì lè jọ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ìyẹn á tilẹ̀ dín wàhálà kù. Ṣùgbọ́n bí Ìdòwú bá bọ́ lọ́wọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà, ó lè kó ti àwọn ìbejì, tirẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ rò pé ó ti tán. Gbogbo rẹ̀ lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú ilé ọlọ́mọ mẹ́rin. Bí ẹ bá ń tajà, ẹ ti wá ẹni tí yóò máa bá yín jókòó ti ọjà láàárín àkókò yẹn. Òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó wọ yúnífọ́ọ̀mù sí wọn lọ́rùn, ẹ bọ́ wọn síhòòhò, ẹ wo ikùn, ẹ̀yìn, ẹ̀yìn etí àti orí. Ara dúdú kì í fi pípọ́n hàn kíákíá, ẹ fọwọ́ pa ara wọn kí ẹ lè mọ ibi tó le kókó.

Ó máa ń kọ́kọ́ rí bí ẹ̀fọn ló jẹ ọmọ. Kó tó di ọjọ́ kejì, omi á ti dúró nínú rẹ̀, á wá rí bíi ti ẹni tí òróró àkàrà ta sí lára. Lẹ́yìn náà á gbẹ, á di èépá. Òmíràn á tún máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ti gbẹ, tí ẹ fi máa rí tuntun, olómi àti èépá lára ọmọ kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan náà. Ohun tá a fi ń dá a mọ̀ jù nìyẹn. Bí gbogbo rẹ̀ bá rí bákan náà, tó pọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, tí kókó sì so lọ́rùn ọmọ, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i, torí mpox, àìsàn tí wọ́n ń pè ní monkeypox tẹ́lẹ̀, tún ti ń yọjú ní Nàìjíríà láti ọdún 2017.

Oògùn wá ńkọ́? Ẹ gbé ibuprofen yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú ilẹ̀ẹ́gbóná, wọ́n ti rí i pé àwọn ọmọ tó ń lò ó máa ń ní egbò tó ń kẹ̀ wọnú ẹran ara ju àwọn tí kò lò ó lọ. Aspirin pàápàá, ẹ má dá a láṣà, ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ ọmọ jẹ́. Parasẹtámọ̀ nìkan ni. Bí ìgò bá kọ 120mg nínú 5ml, ìwọ̀n ọmọ ọdún 7 àti ti àwọn ìbejì jẹ́ 10ml, ti Ìdòwú jẹ́ 7.5ml. Ó kéré tán, kí wákàtí mẹ́rin wà láàárín ẹ̀ẹ̀kan sí èkejì, kó má sì ju ìgbà mẹ́rin lọ láàárín òru àti ọ̀sán. Ẹ lo síríńjì tàbí ìfè inú páálí rẹ̀, ṣíbí ìmu ọbẹ̀ kọ́ la fi ń wọn oògùn. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ilẹ̀ẹ́gbóná, ampiclox kò sì lè ṣe fáírọ́ọ̀sì ní nǹkan kan. Ìgbà tí egbò bá kẹ̀ ni irú ẹ̀ ń wúlò, dókítà ló sì yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀. Àṣà kan tún wà tí mi ò fẹ́ràn rárá: kí wọ́n máa tú kápúsù pupa-òun-yẹ́lò sórí egbò. Ìyẹ̀fun náà á dì mọ́ ojú egbò, ẹ ò ní mọ ohun tó ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ìpara tí wọ́n ní ó ń wo gbogbo nǹkan náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pa á. Púpọ̀ nínú wọn ní èròjà tó ń bi agbára ara wó.

Torí pé ìlú ẹ̀fọn là ń gbé, ẹ ní kí wọ́n gún ọmọ lórí ìka, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà. Mo ti rí ọmọ tí ara rẹ̀ sú, tí gbogbo ilé sì di gbogbo ẹ̀bi ru ilẹ̀ẹ́gbóná, kẹ́ ẹ tó mọ̀, malaria wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Yíyún ló ń dá ilé láàmú jù, pàápàá lóru, tí kò bá sí iná, tí ooru mú. Òógùn ń mú un burú sí i. Ẹ gé èékánná ọmọ kúrú bó ṣe lè kúrú tó, kí ẹ sì fi fáìlì ra ẹnu rẹ̀, torí èékánná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé máa ń mú bí abẹ. Fún Ìdòwú, ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ bọ ọwọ́ rẹ̀ bó bá ti ń sùn. Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́rọ́wọ́ wẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láìsí kàn-ìn-kàn-ìn, láìsí Izal tàbí Dettol. Ẹ fi táwẹ́lì tẹ omi ara wọn gbẹ, ẹ má nù ún. Kalamáìnì kò wọ́n ní kẹ́míìsì: ẹ mi ìgò rẹ̀, ẹ fi òwú tọ́ ọ sórí èyí tó ń yún, ẹ má jẹ́ kó dé ojú àti ẹnu. Bí ọmọ ò bá lè sùn rárá, Piriton olómi wà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ wọn ìwọ̀n rẹ̀ fún ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan.

Ó lè yọ sínú ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun. Ọmọ tí ẹ rò pé ó ń ṣe wèrè tó lóun ò jẹun, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu wò. Ògbómọ̀ṣọ́ ajílété tó ń jẹ ọkà kó tó mu ẹ̀kọ yangan ni wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn yìí ẹ̀kọ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú: ògì tó ti tutù díẹ̀, mọ́ínmọ́ín tí kò láta, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, mílíìkì tútù. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata, ẹ fi sílẹ̀ ná. Oúnjẹ lè dín kù fún ọjọ́ méjì, omi ni kò gbọdọ̀ dín. Bó bá ń tọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ẹ bá mi kí Mama. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n nídìí. Ṣọ̀pọ̀nná tí àwọn àgbà bẹ̀rù jẹ́ àìsàn mìíràn, ó sì ń pa èèyàn. Ọdún 1970 la rí ẹni ìkẹyìn tó ṣe é ní Nàìjíríà, ní 1980 ni àjọ ìlera àgbáyé WHO sì kéde pé ó ti tán láyé. Ti àkọ́bí yín yìí kì í ṣe é. Ẹmu kì í ṣe ohun tí ọmọ ọdún 7 ń mu, ó lè mú kí ṣúgà ara rẹ̀ já wálẹ̀, ó sì máa ń ta ojú egbò bí iná. Bí Mama bá fẹ́ fi omi ejìnrìn wẹ̀ ẹ́, mi ò ní bá wọn jà, bó bá ṣáà ti mọ́, tó tutù, tí wọn ò sì ha ojú egbò. Ẹ gbé iṣẹ́ ògì fífún lé wọn lọ́wọ́, wọn á mọ̀ pé ẹ ò ta àmọ̀ràn wọn nù.

Èyí tí ẹ máa fi gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn láìdúró: bó bá ń mí gúle-gúle, bó bá ń sùn lásùnjù tí kò ṣeé jí, bí ọrùn rẹ̀ bá le, tàbí tí gìrì mú un, bó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni mutí, bó bá ń bì ṣáá, bí ojú egbò kan bá wú, tó gbóná, tó ń ro ó gan-an, tàbí tó ń yọ ọyún. Èyí tí àwọn ìyá kì í fiyè sí ni ibà tó lọ tán, tí ara ọmọ ti yá, tó wá padà lọ́jọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Ẹ má ṣe pè é ní èyí tó ṣẹ́kù. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan, ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, àti èyí tó ń lo oògùn tó ń dín agbára ara kù, kò yẹ kí wọ́n dúró de àmì kankan rárá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọmọ tuntun wá kí yín títí ọ̀rọ̀ yìí á fi tán.

Ẹ sọ fún bàbá wọn náà: bí ẹyọ kan bá yọ lára rẹ̀, kó rí dókítà lọ́jọ́ náà. Ó máa ń le lára àgbàlagbà, acyclovir, oògùn tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì rẹ̀, sì máa ń ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 24.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún ilẹ̀ẹ́gbóná. Ti èéyi tí wọ́n gbà ní oṣù 9 kò dáàbò bo ara lọ́wọ́ rẹ̀, ti ilẹ̀ẹ́gbóná yìí kò sì sí lára àwọn ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń fún ọmọdé. Ilé ìwòsàn aládàáni míì ń ta á. Láàárín ọjọ́ 3 sí 5 tí ọmọ bá ti fara kàn án ló lè ṣèdíwọ́ tàbí kó mú un rọ̀. Tiyín ti fẹ́ kọjá, torí náà bí ẹ bá máa wá a kiri, òní náà ni, kí ẹ sì kọ́kọ́ fóònù béèrè bóyá ó wà àti iye tí wọ́n ń tà á.

Ní ti ilé ìwé, àwọn tí ara wọn kò tíì sú lè máa lọ, ẹ ṣáà sọ fún tíṣà wọn, torí aboyún lè wà láàárín àwọn tíṣà náà. Àkọ́bí á dúró sílé títí gbogbo rẹ̀ á fi gbẹ di èépá, ó sábà máa ń tó ọjọ́ 5 sí 7 látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Kò dìgbà tí èépá bá wó tàbí tí àpá bá parẹ́, àpá lè wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Bí wọ́n bá fẹ́ dá a padà lẹ́nu géètì, ẹ ṣí aṣọ rẹ̀ sókè, kí wọ́n wò ó: bí kò bá sí èyí tó lómi nínú mọ́, ó ti lè wọ kíláàsì.