Sí àǹtí tó ń wá ìlú ìyá ńlá wọn tó bọ̀ láti Sàró

Àǹtí, ẹ ní ìyá tó bí bàbá àgbà bàbá yín wà lára àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ oníṣòwò ẹrú tí wọ́n ti Sierra Leone padà wálé, tó kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta, Martha nìkan lẹ gbọ́ pé ó ń jẹ́, ẹ wá fẹ́ mọ ìlú tí wọ́n ti kó o lẹ́rú. Èmi náà wá irú ẹ̀ rí, ojú mi rí màbo.

Gbogbo èèyàn á ní kẹ́ ẹ lọ wo ìwé ìrìbọmi. Ó dáa. Mo dé ṣọ́ọ̀ṣì kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, akọ̀wé ní kí n gba lẹ́tà lọ́wọ́ àlùfáà, àlùfáà ní àfi tí bíṣọ́ọ̀bù bá fọwọ́ sí i, ọ́fíìsì bíṣọ́ọ̀bù ní ọ̀dọ̀ akọ̀wé ni gbogbo ẹ̀ wà, mo padà dé'bẹ̀ akọ̀wé ti lọ sìnkú. Ìgbà tó dé, ó ní kí ni mò ń wá òkú kiri fún, ṣé ilẹ̀ ni mo fẹ́ gbà ni? Ẹ gbọ́ o! Lójú tiwọn, ẹni tó bá ti ń béèrè ìyá ńlá, ẹjọ́ ilẹ̀ ló gbé wá. Mo bẹ̀, mo fi àwọn àgbà ìjọ bẹ̀, kí wọ́n tó gbé ìwé ọ̀hún jáde láti ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀, epo ti rin ín, ikán ti jẹ ẹ́, ojú ewé tí mò ń wá gan-an ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Wọ́n á sì máa kọ ọ́ sí pátákó pé ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ló pẹ́ jù. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí.

Ẹ rántí Ìfọ́lé ọdún 1867 náà, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó oníwàásù kúrò l'Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ bá wọn sá lọ s'Ékòó, wọ́n tẹ̀dó s'Ébùúté-Mẹ́ta. Tẹ́ ò bá rí i lọ́hùn-ún, ẹ wo ibẹ̀. Àmọ́ ẹ má gbọ́kàn lé sàréè o, itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ tí wọ́n sin àwọn Sàró ńláńlá sí l'Ékòó, ìjọba ológun wó o palẹ̀ láwọn ọdún 1970.

Ẹ má sì dì mọ́ gbogbo Johnson àti Cole tẹ́ ẹ bá rí pé ẹbí ni yín. Orúkọ tí wọ́n fún wọn ní Freetown ni. Àjàyí Crowther fúnra ẹ̀, orúkọ àlùfáà kan ní London ni wọ́n fi rì í bọmi.

Rẹ́jísítà àwọn tí ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà lójú òkun wà lórí ìkànnì SlaveVoyages, lápá tí wọ́n ń pè ní African Origins, ẹ kàn search, kò le. Martha ò ní sí níbẹ̀, orúkọ àmútọ̀runwá tàbí àbísọ ló wà níbẹ̀, bí akọ̀wé tí ò gbọ́ Yorùbá ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́, ẹ máa pè é sókè títí á fi jọ nǹkan. Tẹ́ ẹ bá rí Aku, àwa Yorùbá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìlú.

Ṣé ọkọ Martha ṣiṣẹ́ fún ìjọ? Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé CMS, ẹgbẹ́ òyìnbó oníwàásù tó rán wọn níṣẹ́, wà ní yunifásítì Birmingham ní England, inú ìwé ọkọ lẹ ti máa rí ìyàwó. Àfàlá ìyá Crowther, a mọ̀ pé Òṣogùn ni wọ́n ti kó wọn ní 1821, pé ọmọ ẹ̀ tún rí i l'Abẹ́òkúta ní 1846, ó ṣèrìbọmi ní 1848, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah, torí ọmọ ẹ̀ mọ̀wé ló jẹ́ ká mọ̀. Mélòó ló bí Crowther?

DNA ò lè yà Òwu sọ́tọ̀ kúrò lára Ìjàyè, ẹ tọ́jú owó yín. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ní òun ń tọpa ìdílé gbowó lọ́wọ́ wa, ó wá sọ wá di ọmọ ọba Ọ̀yọ́. Gbogbo ẹni tó bá ti sanwó ló ń di ọmọ ọba lọ́wọ́ wọn!

Oríkì ló ràn wá lọ́wọ́ jù. Ìyàwó ilé kan tó ti darúgbó ń ki àwọn ọmọ láàárọ̀, ó ń ki ti ìyá mọ́ ti bàbá, Òwu ló já sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò rí abúlé gan-an. Ẹ wá irú wọn, ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀, ẹ béèrè èèwọ̀ àti irú ilà tí ìyá yẹn kọ, ẹ má dá wọn lóhùn tí wọ́n bá ní Sàró kì í kọlà, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ti kọlà kí wọ́n tó kó wọn. Tẹ́ ẹ bá sì padà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, owó tí wọ́n bá gbà pé àwọn fẹ́ fi wá ìwé, ẹ gba rìsíìtì.